Òwú tó yọ, stapler tó há: ìrírí mi nídìí gígé iṣan ẹ̀dọ̀

Àbúrò mi kan nídìí iṣẹ́ abẹ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mọ́kànlá ti kọjá. Kò tíì kí mi tán tó fi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la ni mo fẹ́ ṣe ẹ̀dọ̀ yẹn o. Iṣan ńlá apá ọ̀tún, ṣé kí n fi stapler gé e ni, àbí kí n so ó?" Iṣan tó ń wí ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀, stapler sì ni ẹ̀rọ tó ń gé e, tó tún ń fi irin wínníwínní dì í lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó jẹ́ kí n wá ibi jókòó sí. Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún á tó wa. Wákàtí kan àbọ̀ la lò. Ìbéèrè tó bi mí yẹn, èmi náà ti bi ara mi rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì fún ara mi lésì tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fi ẹ̀jẹ̀ san gbèsè rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ni mò ń kọ síbí, pẹ̀lú àwọn èyí tí ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ lórí fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe dókítà, ẹ má sá lọ, ẹ ti rí ẹ̀dọ̀ rí. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alápatà, ẹ ní kó la ẹ̀dọ̀ màlúù kan fún yín ní pẹlẹbẹ, kí ẹ wá wo ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Ihò lẹ máa rí, oríṣi méjì sì ni. Àwọn kan ní awọ funfun tó yí wọn lẹ́nu ká, tó nípọn débi pé èékánná lè dì í mú. Àwọn kejì ò létí rárá. Ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan kàn fi ìka gún ẹran náà.

Àwọn aláwọ funfun ni ọ̀nà àbáwọlé. Nǹkan mẹ́ta ló ń rìn pọ̀ nínú awọ yẹn: portal vein, tó ń kó ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ìfun, hepatic artery, tó ń gbé e bọ̀ láti ọkàn, àti ọ̀pá tí omi òróòro ń gbà jáde. Àwọn tí kò létí ni hepatic vein, ọ̀nà àbájáde, tó ń da ẹ̀jẹ̀ sínú vena cava, òpó ńlá tó ń gbé e padà sí ọkàn. Ìyá mi a máa yọ awọ funfun yẹn dànù kí wọ́n tó din ẹ̀dọ̀, wọ́n ní ó ń yi lẹ́nu. Ohun tó ń yi lẹ́nu yẹn ló ń gba okùn. Èyí tó rọ̀, tí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ jẹ, ló ń ya mọ́ni lọ́wọ́.

Kí ẹ lè mọ ohun tí yíya yẹn túmọ̀ sí: ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà kọjá tó bíi lítà kan àbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló sì ń gba portal vein wọlé. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ènìyàn kò ju nǹkan bíi lítà márùn-ún lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Iṣẹ́ kí a gé apá kan ẹ̀dọ̀ kúrò kí èyí tó kù lè máa bá ayé lọ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kò sí. Ó wà, àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B ló sì wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ti gba ilé wòlíì àti ilé alágbo kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí ọ̀bẹ ò lè rí nǹkan ṣe mọ́. Nítorí náà ọwọ́ wa kì í tètè mọ́ iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Íńdíà fún ọdún kan, kí n lè rí i lójoojúmọ́.

Mo rí i lóòótọ́. Mo mọ ìpín mẹ́jọ tí Couinaud, ará Faransé, pín ẹ̀dọ̀ sí ní 1957 bí ẹni mọ àdúgbò bàbá rẹ̀. Ohun tó sì wọ̀ mí lójú jù lọ ni stapler. Ẹ fojú inú wo èyí tí wọ́n fi ń mú ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì, àmọ́ tó gùn bí apá, tí ẹnu rẹ̀ ń kan ìlà irin wínníwínní mẹ́ta síhìn-ín, mẹ́ta sọ́hùn-ún, tí ọ̀bẹ kékeré kan á sì gba àárín wọn kọjá. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ gbá iṣan mú, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó di gígé, ó di dídì. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Ọ̀gá tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ lè lo ọta mẹ́fà, méje nínú iṣẹ́ kan. Ọta ni èmi máa ń pe reload tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń yìn ín.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, láìtíì fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Ẹ̀rọ ni mò ń wò. Wákàtí kan tí wọ́n fi ń múra kí ẹ̀rọ náà tó jáde nínú páálí, èmi a ti jáde lọ mu tíì. Ẹnì kan wà tó ń yọ iṣan kúrò lára ẹran tó yí i ká díẹ̀díẹ̀, tó ń fi tépù yí gbogbo ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀ ká, tó ń bi nọ́ọ̀sì pé àwọn ẹ̀mú ńlá dà. Lójú mi, ìmúra lásán nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ náà gan-an ni.

Obìnrin kan ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe nígbà tí mo padà wálé. Apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ wọn nìkan ni àrùn náà wà, èyí tó kù dán, ó pọ́n, kò lẹ́gbò. Àwọn ẹbí wọn ta nǹkan tí wọ́n tà, wọ́n ra stapler kan, ọta kan ṣoṣo. Mo pinnu pé hepatic vein ni mo máa fi ọta náà pamọ́ fún, kí n fi òwú so àwọn tó kù. Ìpinnu yẹn ò burú. Bí mo bá tún wà níbẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ṣe é.

Artery ni mo kọ́kọ́ bá. Mo fi ẹ̀mú kékeré tẹ̀ ẹ́ pa ná, mo fi ìka kan ti apá òsì wò bóyá ó ṣì ń lù, nítorí artery inú ikùn kì í gba ọ̀nà kan náà lára gbogbo ènìyàn. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ti apá ọ̀tún rẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn portal vein. Ó ń lù. Mo so ó lẹ́ẹ̀mejì, mo gé e. Ìyẹn dáa.

Mo wá kan portal vein apá ọ̀tún. Iṣan yìí kúrú. Ó fẹ̀ tó ìka, kò sì gùn ju orí ìka lọ kó tó pín. Mo fi òwú sílíkì so ó níhìn-ín, mo so ó lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré, mo sì gé àárín. Kí n má baà fara kan ibi tí àrùn wà, ìdí òwú ẹ̀gbẹ́ tiwa ni mo gé e sí, ẹ̀gbẹ́ tó máa ṣẹ́ kù sínú ara. Kùkùté iṣan tó yọrí kọjá òwú kò ju ìbú hóró ìrẹsì kan lọ. Mo rí i. Mo tilẹ̀ rántí pé mo rí i. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó máa dúró.

Bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, a ń yí ẹ̀dọ̀ sí apá òsì kí a lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò gbọ́ ìró kankan. Ohun tí mo rí ni pé adágún ẹ̀jẹ̀ kan dédé wà níbi tó gbẹ tẹ́lẹ̀, òwú dúdú mi sì ń léfòó lójú rẹ̀, ó ṣe róbótó bí òrùka. Kókó tí mo ta sí i kò tú o. Ó wà digbí bí mo ṣe ta á. Iṣan ló yọ kúrò nínú rẹ̀ bí ìka ṣe ń yọ nínú òrùka tó tóbi jù.

Ní 1908, dókítà kan tó ń jẹ́ James Hogarth Pringle, ní Glasgow, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹ bá fún ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀ pọ̀, níbi tí portal vein àti artery ti jọ ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ máa dá dúró. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi mí nínú ìdánwò, mo sì dáhùn. Àmọ́ mi ò fi tépù kankan sí ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, torí mo rò pé iṣẹ́ náà kò ní le. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni mo ti wá ń fọwọ́ wá ihò tí ó yẹ kí ìka ìfábẹ̀là mi gbà dé ẹ̀yìn ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ki ọwọ́ bọ ibi tí kì í ṣe ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo bá a, mo fi àtàǹpàkò tẹ iwájú, ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mi ò lè gbọ́wọ́ kúrò, mi ò sì lè ṣe nǹkan mìíràn. Ìgò tí ẹ̀rọ ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Páìǹtì mẹ́ta ló wà nínú tíátà. Ọkọ wọn ń sáré káàkiri báńkì ẹ̀jẹ̀ fún èkẹrin.

A fi ẹ̀mú tó rọ̀ mú kùkùté náà, mo sì fi Prolene 5-0, òwú tín-ín-rín tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, rán an. Mo rán an ní ìbú, kì í ṣe ní gígùn, torí bí ẹ bá fa etí iṣan yẹn jọ ní gígùn, ọ̀nà tó lọ sí apá òsì lè fún, apá òsì yẹn sì ni aláìsàn máa fi ayé gbé. Wọ́n yè é. Wọ́n pẹ́ lọ́sibítù kọjá bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé.

Nígbà tí ọkọ wọn bi mí pé kí ló fa gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn, mo ní, "Ẹ̀dọ̀ ni, Bàbá, ẹ̀dọ̀ a máa ṣẹ̀jẹ̀." Irọ́ kọ́. Òótọ́ náà kọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà nínú tíátà wa nígbà náà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Wọ́n ti ń gbé ẹ̀mú lé àwọn ọ̀gá mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí ẹlòmíràn nínú wa. Bí wọ́n ṣe ń ka gọ́ọ̀sì lẹ́yìn iṣẹ́ náà, wọn ò wojú mi, wọ́n kàn sọ ọ́ sáfẹ́fẹ́ pé, "Èèkàn tí ò lórí, a kì í so ewúrẹ́ mọ́ ọn." Mo lọ sílé pẹ̀lú gbólóhùn yẹn. Mo bínú sí i fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta mo ra odidi ẹ̀dọ̀ màlúù kan.

Ìyàwó mi rò pé ọbẹ̀ la fẹ́ sè. Mo gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná, mo kó òwú àti ẹ̀mú tó ti gbó jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í so. Mo so èyí tó ní kùkùté gígùn, mo so èyí tó kúrú, mo wá fi ìka fa òwú náà kúrò láti wo èyí tó máa yọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, mi ò ṣe irú rẹ̀ rí? Gbogbo wa la kọ́ bí a ṣe ń ta kókó. Kò sẹ́ni tó ní ká wá wo bí ó ṣe ń yọ.

Ohun tí ẹ̀dọ̀ màlúù náà kọ́ mi nìyí, mo sì ti sọ ọ́ di òfin fún ara mi: bí kùkùté tó yọrí kọjá òwú kò bá gùn tó bí iṣan náà ṣe fẹ̀, mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé òwú lásán. Mo lè fi òwú kan so ó sí ìsàlẹ̀, kí n wá gún iṣan náà ní abẹ́rẹ́ kọjá láàárín òwú yẹn àti ibi tí mo gé e sí, kí n so èkejì mọ́ ọn. Òwú tó ti gba inú ẹran kọjá kò ríbi yọ sí. Bí kò bá tilẹ̀ sáyè fún ìyẹn, ẹ̀mú ni màá fi mú un, màá sì rán an bí aránṣọ ṣe ń rán etí aṣọ. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Kò pẹ́ tó bí ìdúró tí mo dúró lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ìka nínú ikùn ènìyàn.

Tábìlì ilé ìdáná yẹn kan náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀mú lásán la ẹ̀dọ̀. Ẹ fi ẹnu ẹ̀mú tẹ ẹran ẹ̀dọ̀ díẹ̀ fọ́, ẹran á rún dànù, iṣan á ṣẹ́ kù bí okùn tó ń há sí eyín ẹni tó ń jẹ máńgòrò olókùn. Ẹ wá máa mú okùn wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó tóbi ẹ so ó, èyí tó kéré ẹ fi klíìpù dì í tàbí kí ẹ fi iná jó o. Iṣẹ́ àgbà ni, ó ti pẹ́, ẹlòmíràn á sì ní kò bóde mu mọ́. Nígbà tí mo wá ka ìwé nípa rẹ̀ ni mo rí i pé ní Zurich, wọ́n ti kó ọgọ́rùn-ún aláìsàn jọ, wọ́n sì fi ẹ̀mú yìí wé ẹ̀rọ ìgbàlódé mẹ́ta, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2005: ẹ̀mú ló yá jù, òun ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré jù, òun náà ló sì dín owó kù jù. Wọ́n fi tépù Pringle tì í lẹ́yìn ṣá o, àwọn tó kù ò lo tépù. Ní 2009 àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, àwọn náà gbà pé ẹ̀mú ni kí a máa lò, torí àwọn ẹ̀rọ tuntun kò dín ìnira aláìsàn kù jù ú lọ. Inú mi dùn, inú sì bí mi. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú kàlẹ́ńdà àti báírò. Kò sẹ́ni tó ń ta ẹ̀mú tó ń wá kí wa.

Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi iná se iṣan pọ̀ títí yóò fi dì, LigaSure. Àwọn tó ṣe é ní ó lè dí iṣan tó fẹ̀ tó mìlímítà 7. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn kéékèèké inú ẹran ẹ̀dọ̀. Àmọ́ ó ní ìgbà tí a lò ó tí NEPA mú iná lọ, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lórí iṣan, ó dákẹ́ láàárín méjì. Jẹnẹrétọ̀ dé láìpẹ́, ẹ̀rọ náà sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lójú ara mi, iṣan náà ti funfun, ó jọ èyí tó ti jinná. Mi ò gé e. Mo so ó lókè àti nísàlẹ̀ ibẹ̀ kí n tó gé e. Ohun mìíràn tún wà: ẹnu LigaSure tí a ti fọ̀, tí a tún lò, tí a tún fọ̀, kì í se nǹkan jinná bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ohùn tó fi ń sọ pé òun ti ṣe tán kì í yí padà. Èyí tó ní awọ funfun lára, tí ọ̀pá òróòro wà nínú rẹ̀, mi ò kì í fi iná sí i rárá, òwú ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jò, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀. Òróòro tó ń jò, ó di ọjọ́ kẹrin kí ibà tó sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ti wá yé mi, àbí? Bí mo ṣe rò nìyẹn.

Ẹnì kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀dọ̀ wọn kò dán bíi ti obìnrin àkọ́kọ́. Mẹ́dọ̀wú ti bá a jà, ó ti le díẹ̀. Owó kò wọ́n wọn. Àwọn ọmọ wọn ra gbogbo ohun tí mo kọ sórí ìwé. Mo fi tépù sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo sì fi rọ́bà kátítà tí a gé sí kúkúrú wọ̀ ọ́, kó lè máa fún un pọ̀ nígbà tí mo bá fà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní fífún, márùn-ún ní títú. Mo rán portal vein. Mo ní kí dókítà akunnilóorun má da omi púpọ̀ sí wọn lára, kí ẹ̀jẹ̀ inú vena cava má baà kún, torí bó bá kún, gbogbo hepatic vein á wú. Ó kan hepatic vein apá ọ̀tún, stapler sì wà lórí tábìlì, ọta mẹ́ta.

Àwọn iṣan kéékèèké kan wà tó ń ti ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ wọnú vena cava tààrà. Mo ti fi klíìpù dì wọ́n kí n tó dé òkè. Klíìpù irin kékeré, mélòó kan, wọ́n ń dán yanranyanran. Mo ki stapler wọlé, mo gbá hepatic vein mú, mo yìn ín. Ó lọ dé ìdajì, ó há. Ọ̀kan nínú klíìpù mi ló wà lẹ́nu rẹ̀ tí mi ò rí, ọ̀bẹ inú rẹ̀ sì fi irin pa irin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibí ni kí ẹ ti dúró díẹ̀. Stapler tó há, tí ẹnu rẹ̀ ṣì pa dé, ẹ̀mú ni. Òun ló di ihò náà mú. Kò sí ohun tó ń lé yín. Ẹ lè mí, kí ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀mú Satinsky wá, kí ẹ fi mú ẹ̀gbẹ́ vena cava, kí ẹ wá la ẹnu stapler. Èmi là á lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi ṣe é kí orí mi tó gbọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tó jáde dúdú, kò fò, ó kàn ń ru sókè bí omi kànga. Mo kígbe pé kí wọ́n fa tépù. Wọ́n fà á. Kò dá. Mo ní kí wọ́n fà á le sí i. Dájúdájú, kò lè dá: tépù ń ti ilẹ̀kùn àbáwọlé, ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀jẹ̀ yìí ń gbà jáde, láti inú vena cava. Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Ọdún tí mo fi ń bá ara mi wí nítorí tépù tí mi ò fi sí ti mú kí n rò pé tépù ni ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀.

Mo fi ìka mẹ́ta tẹ ibẹ̀ mọ́ra. Ó dá. Mo ní kí wọ́n gbé Satinsky wá. Kò sí nínú àwo wa. Ó wà nínú àpótí mìíràn, àpótí náà sì wà níbi tí wọ́n ti ń se irinṣẹ́, ní òdìkejì kọ́rídọ̀. Dókítà akunnilóorun sọ̀rọ̀ lẹ́yìn aṣọ, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n máa ń lò nígbà tí nǹkan kò bá dáa, pé òun ń wò ó bóyá atẹ́gùn ti wọlé. Omi tí mo ní kí wọ́n dín kù yẹn náà ló ń jẹ́ kí vein tó ya máa fa atẹ́gùn sínú. Wọ́n da orí bẹ́ẹ̀dì sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Màmá, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀sì nu ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi, ní, "Dókítà, ẹ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro." Òróòro bàbá náà ti wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti àárọ̀. Àwa méjèèjì jọ wo abọ́ náà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló pa mí tàbí ẹkún ló gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi dẹ́kun gbígbọ̀n.

Satinsky dé. A mú un, mo gé ìyókù, mo fi Prolene 4-0 rán an lọ, mo rán an bọ̀. Iṣẹ́ náà parí. Bàbá náà jí, wọ́n bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì bèèrè ẹ̀kọ. Ní ọjọ́ kẹta ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí epo. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n kú. Ẹ̀dọ̀ tó kù kò lè gbé ẹrù náà. Bóyá kì bá ti gbé e tẹ́lẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ tó dà yẹn àti tépù tí mo ní kí wọ́n fà le láìnídìí ló bà á jẹ́. Mo ti yí i lọ, mo ti yí i bọ̀.

Mo pe àkọ́bí wọn wọ ọ́fíìsì. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ ọ́ bó ṣe rí: pé irin tí mo fi síbẹ̀ ló há ẹ̀rọ, pé mo la ẹnu rẹ̀ kí n tó múra. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Dókítà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún wa." Mo ti gbọ́ èébú rí nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó wúwo tó ìdúpẹ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, klíìpù kankan kì í wọ àgbègbè tí stapler máa gbà kọjá, òwú ni mo fi ń so àwọn kéékèèké ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀, ó ń jẹ àkókò, kó máa jẹ ẹ́. Satinsky wà lórí tábìlì, kì í ṣe nínú àpótí, kì í ṣe ní kọ́rídọ̀; Màmá ló ń fi í hàn mí kí n tó bu ọ̀bẹ lé ara, wọ́n á gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ẹni tó gba ipò wọn ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń lo stapler fún hepatic vein bí àyè bá gba ẹnu rẹ̀ láìfi tipátipá, tí owó sì wà. Bí àyè kò bá gbà á, mi ò ní tì í. Ẹnu stapler tí wọ́n fi agbára kì sẹ́yìn iṣan tí kò létí ló ń ya á, kó tó di pé wọ́n yìn ín rárá.

Gbogbo èyí ni mo rò fún àbúrò mi lórí fóònù. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, mò ń gbọ́ bí báírò rẹ̀ ṣe ń ha ìwé. Nígbà tí mo dákẹ́, ó tún bi mí pé, "Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n, stapler ni àbí òwú?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá Satinsky wà nínú àwo wọn. Ó ní ilẹ̀ ti ṣú, pé ibi ìkó-irinṣẹ́-sí ti wà ní títì. Mo ní kó wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, a ti parí. Àyè ò gba stapler. Mo fi Satinsky mú un, mo rán an lẹ́ẹ̀mejì." Mo bi í pé portal vein ńkọ́, báwo ni kùkùté rẹ̀ ṣe gùn tó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Fọ́tò ló fi ránṣẹ́: òwú kan nísàlẹ̀, òwú kan tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá lókè rẹ̀, àti kùkùté tó yọrí jáde, ó tó ìbú èékánná àtàǹpàkò.